Mo Kọ Ọ́ Pé Kò Sí Kànga Níbẹ̀

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí ní ọjọ́ tí mo pa ènìyàn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo ní ìyàwó kan, mo sì ní orúkọ rere. Lónìí mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Orí eékún mi ni mo gbé ìwé yìí lé tí mo ń kọ ọ́, nínú ẹ̀wọ̀n kan ní Abidjan, nínú yàrá tí àwa méjìlá jọ ń sùn sí. Wọ́n ti yọ ìdájọ́ ikú kúrò nínú òfin orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà adájọ́ kò ní kí wọ́n pa mí. Ogún ọdún ló fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é. Èmi ti ṣe é, mo sì mọ̀ pé inú ibí ni wọ́n á ti gbé òkú mi jáde.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe níbi tó ti le jù. Nítorí náà n kò ní bẹ̀rẹ̀ níbi kànga. Àtàǹpàkò mi ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ń ta abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò náà ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, ọmọ àwọn oníṣòwò tiwa sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan tàbí kó tẹ̀ka sí i. Bí ìwé náà kò bá pé títí di ọjọ́ Ẹtì, a ó dá ọmọ náà padà sílé. Àwọn bàbá wọ̀nyí kì í sì í sí nílé. Ọjà ni wọ́n ń bá kiri.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ ọdún mẹ́fà kan dúró níwájú tábìlì mi. Mùsílíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alájì Lásísì tó ń ta obì gbàǹja.

“Bàbá ẹ ńkọ́?”

“Wọ́n lọ ra obì.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?”

“Tí obì bá pé, maître.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa: maître. Mo wo ọmọ náà, mo wo ìwé rẹ̀, mo sì ti àtàǹpàkò ara mi bọ tàdáwà. Mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí bàbá rẹ̀ ì bá tẹ tirẹ̀ sí. Àpá ọ̀bẹ kan là àtàǹpàkò náà já láàárín, ó sì hàn ketekete lórí ìwé.

Nígbà tí Alájì dé, ó gbé obì wá kí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. “Maître, ẹ ti di bàbá ọmọ mi lórí ìwé! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò yín àti tèmi, ọ̀kan náà ni.”

Mo tẹ̀ka fún ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ẹni tó fara pa. Àwọn kan lára wọn di nọ́ọ̀sì, àwọn kan di akọ̀wé. Ìdẹwò mi kékeré nìyẹn, kò tilẹ̀ jọ ìdẹwò lójú mi. Ó jọ inú rere. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé ó ti mọ́ mi lára láti máa dáhùn fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 1999 mo fẹ̀yìn tì. Alájì ní ilẹ̀ kan ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Anyama, níbi tó ti ń kó obì jọ. N kò ní dárúkọ abúlé náà, ojú ti tì wọ́n tó nítorí mi. Ó ní kí èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Ṣèyí, máa gbé ilé kékeré tó wà nítòsí ibẹ̀, kí n máa bá òun mójú tó ilẹ̀ náà. Ilé ìkóbìsí rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kànga ìfọbì sì wà lẹ́yìn ilé náà. A máa ń rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, ká tó bó o, iṣẹ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga náà fún nìyẹn. Ó jìn tó ìdúró ènìyàn mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pé ta ni àlejò, ta ni ọmọ onílẹ̀, wá gbóná jù ní orílẹ̀-èdè yìí, Alájì kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsílíù àti ìyá rẹ̀ dúró sí Treichville. Ilé ìkóbìsí wó, koríko sì hù yí kànga ká.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba rán ènìyàn wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun, ó bá gbogbo abúlé sọ̀rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní wọ́n á gbé íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára dé gbogbo ìgbèríko. Wọ́n á ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀, wọ́n á kọ́ yàrá kan, wọ́n á kó kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Àwọn ọmọ á máa kàwé lórí rẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì máa bá dókítà ìlú ńlá sọ̀rọ̀.

Olórí abúlé bi í pé, “Nígbà wo?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bientôt.” Ìyẹn ni pé, láìpẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí fún wa. Bí ọmọ abúlé wa bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó yege ìdánwò, ó di dandan kó wọ gbaka, ọkọ̀ akérò tó máa ń kún dẹ́nu, lọ sí Adjamé ní Abidjan. Èmi àti Ìyá Ṣèyí náà ní tiwa. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Ṣèyí, wà ní Canada, ó sì ti bí ọmọ tí a kò rí rí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù a máa ń lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Anyama láti wo ọmọ náà. Àwòrán náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òkè, á dé agbede méjì, á dúró. Ìyá Ṣèyí mọ iwájú orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dáadáa. Kò tíì mọ ẹnu rẹ̀.

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé. Mo fi rúlà fa ìlà sí gbogbo ìwé tí wọ́n ní kí a kọ, mo sì fi ránṣẹ́. Ogun bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè pín sí méjì, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá wọ́n ní ìwé wa ti sọnù, kí a tún un kọ. Mo tún un kọ. Mo ń wọ gbaka lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ìlú, mo ń dúró láti àárọ̀.

Akọ̀wé ibẹ̀ á pè mí ní vieux, ìyẹn ni bàbá arúgbó, á ní, “Ìwé yín wà lójú ọ̀nà, vieux.”

“Ọdún kẹta rè é tó ti wà lójú ọ̀nà.”

“Ọ̀nà jìn, vieux. Ẹ máa fojú sọ́nà. Bientôt.”

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibùdókọ̀ abúlé wa ti mọ̀ mí. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀, wọ́n á béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n á pariwo pé, “Vieux père, connexion ńkọ́? Ṣé ó wà nínú gbaka ni àbí ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀?” Ọ̀kan á ní, “Ẹ fi bàbá sílẹ̀, ó dì í sínú báàgì!” Mo máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Bí mo bá délé, n kì í lè jẹun.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ìwé tuntun dé, ojú ewé mẹ́rin. Wọ́n ní abúlé tí ìwé rẹ̀ bá pé títí di ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n á yẹ̀ wò. Ọjọ́ Ẹtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbìmọ̀ ti yan ilẹ̀ Alájì nítorí pé ó ga. Ìbéèrè kẹtàdínlógún ni pé: Ṣé kànga, sàréè tàbí ihò wà lórí ilẹ̀ náà? Bí ó bá wà, ẹ so ìròyìn amòye mọ́ ọn.

Mo mọ amòye ìjọba. A ti pè é rí nítorí ilé ìgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì nígbà náà ti parí, kò tíì dé. Mo jókòó ti ìbéèrè náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé, “Kò sí.” Níbi tí onílẹ̀ ti yẹ kó tẹ̀ka, mo rántí ohun tí Alájì sọ nípa àtàǹpàkò wa. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí n kò gbúròó rẹ̀. Mo tẹ̀ka.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo kó pákó láti ara ilé tó wó, mo tò ó sórí ẹnu kànga, mo da yangí lé e, mo gbin koríko sí i. Ìyá Ṣèyí bá mi níbẹ̀.

“Bàbá Ṣèyí, kí lẹ̀ ń bò?”

“Kànga ni.”

“Kànga tí gbogbo abúlé mọ̀?”

“Ìwé kò mọ̀ ọ́n.”

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. “Ẹ ri igi kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ènìyàn lè dá a mọ̀.”

“Bí mo bá ri igi, wọ́n á bèèrè ohun tí igi ń ṣe níbẹ̀. Tí òpó bá ti dúró, màá fi bíríkì dí i.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀,” ló sọ, ó sì lọ. Ohun tí Ìyá Ṣèyí máa ń sọ nìyẹn nígbà tó bá mọ̀ pé n kò mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé pé wọ́n ń rán ẹni tí yóò wọn ilẹ̀ bọ̀. Mo ti wẹ̀, mo ti múra, mo dúró sójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan sọ̀ nínú gbaka pẹ̀lú àpò lọ́rùn, ó ní ọkọ̀ ọ́fíìsì àwọn ti bàjẹ́. Ó wò mí, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, báàgì àti gbogbo rẹ̀.

“Maître! Ẹ ò mọ̀ mí? Mùsílíù ni. Ọmọ olóbì!”

Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn ní tòótọ́. Ìyá Ṣèyí bu attiéké, oúnjẹ gbágùúdá, àti ẹja díndín fún un, ó sì bá ọkọ̀ lọ sí Anyama láti ra nǹkan. Àwa méjì kúrò nílé, a lọ sórí ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni Mùsílíù ti ṣí ìwé, tó sì fi ìka sí ibì kan lórí rẹ̀.

“Maître, ta ló tẹ̀ka síbí?”

“Bàbá ẹ ni.”

“Ìgbà wo?”

“Déètì wà lára rẹ̀.”

“Bàbá mi ti kú, maître. Wọ́n ti lo ọdún kan nínú ilẹ̀ kí déètì yìí tó dé.” Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, láìsí ìkà kankan nínú rẹ̀. “Mo mọ àtàǹpàkò yìí. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ màmá mi. Àpá yín ni.”

Mo bá a kẹ́dùn bàbá rẹ̀, mo sì tún sọ pé, “Mùsílíù, ìwọ náà mọ ìdí tí mo fi ń ṣe é.”

“Mo mọ̀, maître. N kò ní sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n n kò lè mú u lọ báyìí. Ilẹ̀ ti di tàwa ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi méjì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan wà ní Cotonou. Tí gbogbo wa bá tẹ̀ka, ó ti tọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ní ká pa èyí tí kò dáa rẹ́, ká tún un kọ?”

“Ìgbà wo ni yóò fi parí?”

“Á bọ́ sí ti àwọn abúlé tí wọ́n máa yàn lẹ́yìn èyí.”

“Ìgbà wo nìyẹn?”

Kò wo ojú mi mọ́. “Bientôt, maître.”

Ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ ni, bóyá n kò ní wà níbí. Rárá, mo ní láti pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ ló pa á. Ìbínú ọdún mẹ́sàn-án dé sí mi láyà, òun nìkan ló sì wà níwájú mi.

Ó ní kí a ṣì wọn ilẹ̀ náà, kí ìyẹn má bàa di iṣẹ́ mìíràn. Ó fún mi ní orí téèpù ìwọnlẹ̀ kí n dì í mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, ó ń wo téèpù, ó ń ka nọ́ńbà ní Faransé: “Dix... quinze...” Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo rí ibi tí koríko ti yàtọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló kù, ó ku mẹ́rin. Kò sí ohun tó di ẹnu mi, ohùn mi wà, ohùn tí mo fi ń pe ọgọ́ta ọmọ wọlé láti orí pápá. N kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá mú mi nígbẹ̀yìn, mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ mi pé “ó ṣubú.” Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ bó ṣe tọ́: mo jẹ́ kó ṣubú.

Téèpù já gbà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ìró omi, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Maître! Kànga ni! Ẹsẹ̀ mi ti ṣẹ́. Ẹ bá mi wá okùn!”

Okùn wà nílé mi, Ìyá Ṣèyí ń sá aṣọ lé e. Mo dúró, mo ń ronú nípa ìwé. Bí ó bá jáde, kànga á di mímọ̀, àtàǹpàkò á di mímọ̀, wọ́n á yọ orúkọ abúlé wa kúrò, wọ́n á sì mú mi. Mo lọ sídìí ilé tó wó, mo tún gbé pákó. Ó gbọ́ ìró pákó náà bí mo ṣe ń wọ́ ọ bọ̀. Ó rò pé àkàbà ni.

Ó ní, “Ẹ ṣeun, maître.”

Mo to pákó náà padà sórí ẹnu kànga. Mo da yangí lé e. Mo mú ìwé rẹ̀ tó ti gbé kalẹ̀ sórí koríko kó tó wọn ilẹ̀, mo lọ sílé, mo sì tan rédíò.

Nígbà tí Ìyá Ṣèyí dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, “Kí ló dé tí rédíò ń pariwo báyìí? Mùsílíù ńkọ́?”

“Ó ti wọ gbaka.”

Ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá nìyẹn nígbà tí wọ́n dé. Gbogbo abúlé gbà mí gbọ́, kò sì sí ẹni tó ronú kan kànga tí mo ti bò. Ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn nígbà tó wá láti Treichville, tó jókòó lórí àga tí ọmọ rẹ̀ jókòó lé, tí mo sì bu omi fún un. Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Níbi tí Mùsílíù yẹ kó kọ èrò rẹ̀ sí, mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà dára.

Ìwé náà wọlé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n rán ọkọ̀ kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ọkọ̀ náà. Òun ló rí kànga náà, àti Mùsílíù nínú rẹ̀.

Dókítà sọ ní kọ́ọ̀tù pé ẹsẹ̀ kan ló ṣẹ́, pé omi náà kò kọjá eékún, àti pé Mùsílíù wà láàyè di ọjọ́ kejì. Ó ti fi ọ̀rá wé fóònù rẹ̀ sínú àpò àyà nítorí òjò. Wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí etí gbogbo ènìyàn. Ó ti gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ léraléra: “Mo ti já sínú kànga lẹ́yìn ilé maître. Ẹ má bẹ̀rù, wọ́n ti lọ pe ènìyàn.” Kò lọ. Fóònù kì í gbé lábúlé wa. Nítorí ìyẹn gan-an la ṣe ń bẹ ìjọba.

Òṣìṣẹ́ kan wá jẹ́rìí láti ọ́fíìsì náà. Adájọ́ bi í pé, ká ní wọ́n kọ ọ́ pé kànga wà ńkọ́?

Ó ní, “A ó kàn sún òpó náà síwájú díẹ̀ ni.”

“Ìròyìn amòye ńkọ́?”

“Kò sí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà. Nígbà tó sọ ọ́, ìjọba ni inú kọ́kọ́ bí mi sí. Mo fẹ́ dìde pariwo pé, kí ló dé tí ẹ kò kọ ìyẹn sórí ìwé! Ọmọ ènìyàn ti kú, ìwé ni mo ṣì ń bá jà. Ìyá Mùsílíù ló mú ojú mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n fún un láyè kó sọ̀rọ̀, kò sì bú mi.

“Maître, ṣé ó pè yín?”

“Ó pè mí, màmá.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

N kò kà á. Rédíò ń sọ̀rọ̀.

Àwọn òpó kan ti dúró ní àwọn abúlé mìíràn, bí mo ṣe gbọ́. Tiwa kò tíì dúró. Ìyá Ṣèyí ṣì ń lọ sí Anyama lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wo ìdajì ojú ọmọ náà, lẹ́yìn náà á wá wò mí.

Mo ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò kàwé. Bí wọ́n bá mú ìwé dé pé, “Bàbá, ẹ bá mi tẹ̀ka,” mo máa ń kọ̀. Mo máa ń jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi lè kọ orúkọ ara wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Àwọn kan ń bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ máa béèrè ohun tí ìjọba ṣèlérí fún abúlé yín, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá bi yín ní ohun tó wà nílẹ̀, ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀, kódà bó bá máa dá yín dúró fún ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá sì rí ẹnì kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ pé ihò wà, ẹ pariwo. Èmi kò pariwo, ọmọ tí mo tẹ̀ka fún sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń dé e mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mí kọ́gbọ́n.